Ísáákì ti Emùré-Ilé: Orúkọ Ọmọ Ogun Kan

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n a sì tún máa wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò dọ́gba. Èkíní ń wo ẹ̀yìn: ó ń bèèrè irú ilé tí a bí ọmọ náà sí. Èkejì ń wo iwájú: ó ń wí pé orúkọ tí a fún ọmọ ni yóò máa dárí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjánu ti ń darí ẹṣin, lọ sí ọ̀nà tí òun tìkára rẹ̀ kò tíì rí. Nínú ìwé kékeré yìí, àwa ń fẹ́ sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó lọ sí ojú ogun nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, kí a sì wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti rí lára rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ísáákì Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin olùkà wa lè bi wá léèrè pé, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí 100,000 ọmọ Áfíríkà ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànì jà, èéṣe tí a fi mú ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ọ̀gágun, tí ìwọ̀n ọjọ́ rẹ̀ lójú ìjà kò sì pọ̀? Ìdáhùn wa ni pé kò sí ẹni tí ó lè ṣọ̀fọ̀ 100,000. Iye ni ìyẹn. A lè kọ ọ́ sínú ìwé, a kò lè pè é kí ó jẹ́ wa. Ẹni tí ó ní orúkọ ni a lè pè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ni orúkọ wọn ti nù kúrò ní ẹnu àwa tí ó kù ní ilé. Ti ọ̀kan yìí kò nù, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀.

I. Ilé tí a wò

Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ èdè wa yóò mọ̀, láti inú orúkọ ìdílé rẹ̀, pé Ifá ti wọ inú ilé náà rí. Nítorí orúkọ tí ó bá fi Fá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Ifá ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ń pe ọmọ náà, inú Bíbélì ni a ti mú un. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ wa láàárín nǹkan bí 100 ọdún lè rí i kà nínú orúkọ méjì yìí nìkan. Ní 1846 ni àwọn oníwàásù tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, tí Samuel Àjàyí Crowther wà nínú wọn. Ní 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Láti ìgbà náà ni ìtàn Ábúráhámù àti Sárà ti di ìtàn tí ìyá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, ní èdè tí ó fi ń kí aládùúgbò rẹ̀. Ísáákì kì í tún ṣe àjèjì mọ́. Ó ti di ọmọ ilé, ó sì ń jókòó ti Fádóyèbọ̀ láìsí ìjà.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hébérù ni ẹ̀rín. Ábúráhámù rẹ́rìn-ín, Sárà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, nígbà tí a wí fún wọn pé àwọn arúgbó méjì yóò bí ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn àwa tí a dàgbà sínú ìtàn náà. Bí a bá gbọ́ Ísáákì, pẹpẹ ni a ń rí, àti igi ìdáná, àti ọmọ tí a dè, àti ọ̀bẹ tí a ti gbé sókè, àti àgbò tí ó fi ìwo há inú igbó. Orúkọ ọmọ tí ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ni, tí a sì dá padà fún baba rẹ̀. Àwọn tí ó sọ ọmọ Emùré-Ilé ní Ísáákì kò lè mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà yóò dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

II. Ó fi orúkọ sílẹ̀

Ní December 1941 ni àwọn ará Jàpáànì gbógun wọ Bọ́mà, tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nígbà tí ó di March 1942, Rangoon, olú-ìlú ibẹ̀, ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìjọba ń wá ọmọ ogun káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ìbọn láti Nàìjíríà ni ó jẹ́ ará Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n a ń fẹ́ àwọn tí ó ti mọ ìwé kíkà pẹ̀lú, tí wọn yóò ṣe akọ̀wé, tí wọn yóò wa ọkọ̀, tí wọn yóò sì ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́. Ní 1942 ni Ísáákì sá kúrò ní abúlé rẹ̀ tí ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Ábúráhámù ni ó mú Ísáákì ti ìṣáájú lọ sí orí òkè. Ísáákì tiwa, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Nígbà tí ẹnì kan bá wọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń wí ní èdè wa pé ó fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lọ. Ọmọ ogun a máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítòótọ́. Bí ó bá ti dé ibùdó, nọ́ńbà ni a ó fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé, akọ̀wé yóò kọ orúkọ kan ṣoṣo fún un, yóò sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ tì í, bí ẹni pé ìlú ni ó bí i. Báyìí ni Músá tí ó ti Kánò wá ṣe di Músá Kánò, tí ẹlòmíràn tí ó tún ti Kánò wá pẹ̀lú sì di Músá Kánò. Nígbà tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá kú, ta ni yóò mọ ilé tí a ó kó ìròyìn náà lọ? Orúkọ baba rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Agboolé rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ísáákì, nítorí pé ó mọ ìwé, mú orúkọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ogun. Ohun kékeré ni èyí lójú, ṣùgbọ́n a ó rí i bí ó ti wúlò tó.

III. Odò Kaladan

Ní 1943 ni a dá ẹgbẹ́ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, láti inú àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, àwọn ọmọ Sàró àti àwọn ọmọ Gambia. Àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ wọn ni aláǹtakùn dúdú, èyí tí í ṣe Anansi inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, ọlọ́gbọ́n kékeré tí ń fi ẹ̀tàn borí àwọn tí ó tóbi jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti rí nínú àlọ́ tiwa. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn lọ sí Íńdíà. Ísáákì wà nínú ẹgbẹ́ oníṣègùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti gba àwọn tí ó gbọgbẹ́ ní ojú ìjà, kí wọ́n dì wọ́n, kí wọ́n sì tọ́jú wọn kí a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà lẹ́yìn.

Àfonífojì odò Kaladan ni a rán wọn lọ, ní ẹkùn Arakan, tí à ń pè ní Rakhine lónìí, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bọ́mà, èyí tí òun náà ti di Myanmar. Òkè àti igbó ni gbogbo ibẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Àwọn ọmọ Áfíríkà yìí fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà fún ọkọ̀ jíìpù gba àárín òkè kọjá, ó tó nǹkan bí 75 máìlì. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí ọ̀nà náà dé, láti inú ọkọ̀ òfúrufú ni a ti ń fi agboòrùn sọ oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí a bá sọ sílẹ̀, wọn a gbé e lé orí, wọn a sì máa rìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Àwọn òyìnbó tí wọ́n wà pẹ̀lú wọn yà sí èyí púpọ̀. Àwa kò yà sí i, nítorí a mọ ibi tí a ti kọ́ ọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ March 1944, ẹgbẹ́ oníṣègùn yìí wà ní etí odò Kaladan. Àwọn ará Jàpáànì ti lúgọ. Lójijì ni wọ́n da ìbọn bò wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kú níbẹ̀, àti òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Ísáákì, ó sì tún gbọgbẹ́ ní ara. Kò lè dìde, kò lè rìn. Àwọn ọ̀tá rí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó kú. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa di ọgbẹ́ fún ẹlòmíràn. Nísinsìnyí òun ni ó gbọgbẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò di tirẹ̀. Ẹni kan tí ó ṣẹ́kù pẹ̀lú rẹ̀ láàyè, tí àwọn méjèèjì sì jọ la ohun tí ó tẹ̀lé e já, ni Sájẹ́ntì David Kagbo, ọmọ Sàró.

IV. Ilé Shuyiman

Ní ibi yìí ni ìtàn náà yí padà, ibẹ̀ ni a sì ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn. Kì í ṣe ọmọ ogun ni ó gba Ísáákì là, kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ará ìlú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì ní abúlé kan létí odò náà ni ó rí wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, nínú àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Rohingya. Èyí tí ó dúró tì wọ́n jùlọ nínú wọn ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman. Ó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí nínú igbó. Nígbà tí ó ṣe, ó mú wọn wá sí ilé ara rẹ̀, láàárín aya àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ará Jàpáànì wà ní àyíká. Bí wọ́n bá rí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé àgbẹ̀ kan, kì í ṣe ọmọ ogun náà nìkan ni yóò kú. Ènìyàn dúdú méjì kò sì ṣe é pè ní ìbátan ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ojú kan ni ẹnikẹ́ni yóò fi wò wọ́n tí yóò mọ̀ pé àlejò ni wọ́n. Shuyiman kò jẹ wọ́n ní gbèsè kan, kò mọ ìlú wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi san án fún un. Síbẹ̀ ó pa wọ́n mọ́. Oṣù 9 ni wọ́n fi wà ní ìpamọ́, títí di December 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún padà sí àfonífojì náà tí wọ́n sì rí wọn.

Nínú oṣù 9 wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó lè sọ ní Emùré-Ilé bóyá ọmọ wọn kú tàbí ó wà láàyè. A mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Òkú ọmọ sàn ju ọmọ tí ó sọnù lọ, ni àwọn àgbà ń wí. Nítorí ẹni tí ó kú ní ibojì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọnù, ojoojúmọ́ ni à ń sin ín.

V. Ọmọ tí a dá padà

Ní 1945 Ísáákì padà sí Nàìjíríà. Ó ń tiro. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà sí bí ó ti wà rí. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó sì di arúgbó. Ogun náà kò sí ní ẹnu àwọn ènìyàn mọ́. Lẹ́yìn 1960, orílẹ̀-èdè titun ní akọni titun tí ó ń yìn, àwọn tí ó jà fún òmìnira. Àwọn tí ó jà fún ọba àwọn ẹlòmíràn kò rí àyè láàárín wọn. Òyìnbó pẹ̀lú gbàgbé wọn: nínú ìtàn tí wọ́n ń kọ nípa ogun Bọ́mà, gbólóhùn kan tàbí méjì ni ọmọ Áfíríkà ń rí.

Ohun tí Ísáákì ṣe nìyí: ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1999 ni ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, àkọlé rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ nípa oríire tí ó kọjá ohun tí a lè gbà gbọ́. A fẹ́ràn láti kíyè sí èyí. Orúkọ rẹ̀ ti ìdílé ń tọ́ka sí Ifá, orúkọ rẹ̀ ti Bíbélì ń tọ́ka sí pẹpẹ àti àgbò. Òun tìkára rẹ̀, nígbà tí a fi kálámù sí i lọ́wọ́, oríire ni ó pè é. Àwa kò ní bá a jiyàn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní etí odò ni ó mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà pẹ̀lú ni orúkọ Shuyiman wà. Èyí ni ó ṣe pàtàkì. Ní 2011, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà lọ́wọ́ Ísáákì ní Nàìjíríà, ó sì mú un lọ sí Bọ́mà láti wá ìdílé náà kàn. Shuyiman ti kú kí ó tó dé; ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà sí wọn létí, lẹ́yìn ọdún 67. Ó ṣe fíìmù kan lórí rẹ̀. Ní 2014 ó sì kọ ìwé tí à ń pè ní Another Man's War. Bí kò bá ṣe pé Ísáákì rántí orúkọ kan, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ìbá mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn? Ísáákì kú ní November 2012. Ó ti gbọ́ kí ó tó kú pé lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ ọ́ sí. Bí a bá ń wá ẹ̀rín tí orúkọ rẹ̀ ṣèlérí, a rò pé ibẹ̀ ni ó wà.

VI. Ohun tí orúkọ lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

A kò gbọ́dọ̀ wí pé orúkọ ni ó gbà á là. Àwọn mìíràn wà ní etí odò náà tí wọ́n ní orúkọ rere, tí ìyá wọn pẹ̀lú fi ìrètí sọ wọ́n. Kò sì sí àgbò nínú igbó fún wọn. Orúkọ kì í dá ọta ìbọn dúró. Ohun tí orúkọ lè ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ́kù lè wá ẹni tí ó lọ kàn, kí ẹni tí a ṣe lóore lè mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tí ó dé bá ilé olóore. Òfin kan tí a ṣe ní Bọ́mà ní 1982 mú kí púpọ̀ nínú àwọn Rohingya má ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Ní 2012 ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ sí wọn ní Rakhine. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà kọlù wọ́n, ó sì ju 700,000 lọ tí ó sá kọjá sí Bangladesh. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà sì ti ń kọ̀ láti ìgbà pípẹ́ láti fi orúkọ wọn pè wọ́n. Wọ́n ń wí pé kò sí ẹ̀yà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó gba àlejò sí ilé ni a lé kúrò ní ilé. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí tí kò sì mọ ìtàn Ísáákì lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò lè wí bẹ́ẹ̀. Gbèsè wà lọ́rùn wa.

Ní ìtòsí Rangoon, ní itẹ́ òkú Taukkyan, a kọ́ ìrántí kan tí orúkọ àwọn ọmọ ogun tí a kò mọ ibojì wọn ní Bọ́mà wà lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Ẹni tí ń jẹ́ orúkọ kan àti ìlú kan wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó fi orúkọ sílẹ̀. Òkúta ń pa orúkọ mọ́, ṣùgbọ́n òkúta kò mọ oríkì. Kò mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́, tàbí ohun tí à ń kì í ní òwúrọ̀. Èyí wà lọ́wọ́ àwa tí ó wà ní ilé.

Nítorí náà, àwa ń bẹ ẹ̀yin ará ìjọ, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ṣì wà, tí wọ́n gbọ́ ìtàn náà ní orókún wọn. Ẹ ṣí ìwé ìsàmì ìjọ yín ti nǹkan bí 1915 sí 1927. Ẹ ka orúkọ àwọn ọmọkùnrin inú rẹ̀ sókè fún àwọn àgbà, kí ẹ sì bèèrè pé, èwo nínú wọn ni ó lọ sí ogun, èwo ni kò padà? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àbísọ, orúkọ ìdílé àti agboolé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe ọmọ yín lóore ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ ti onítọ̀hún pẹ̀lú, kí ẹ má ṣe fò ó.